Bí Àgbàlagbà Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ sí í Ṣẹ̀dá Orin

Etí ló máa ń dá àgbà dúró nídìí orin. Ó ti gbọ́ orin tó pọ̀, ó mọ èyí tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí kò dáa, nítorí náà, bí ẹ bá kọ ìlà méjì sílẹ̀, etí yẹn kan náà á ní kí ẹ fà á ya. Ọmọdé ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tó bá ti bọ́ sí i lẹ́nu ló ń kọ. Ohun tó dáa jù fún yín ni kí ẹ ṣe orin kékeré, kó kéré débi pé ẹ ó parí rẹ̀ kí etí tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, kí ẹ sì ṣe òmíràn tẹ̀ lé e.

Ẹni tó fẹ́ fi Yorùbá kọrin ni a kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn: ìlọsókè àti ìsọ̀kalẹ̀ ti wà nínú ọ̀rọ̀ kí orin tó dé. Àwọn ìwé tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọrin kì í fẹnu ba èyí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni orin Yorùbá ti máa ń bàjẹ́ mọ́ olùbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun tí ẹ nílò

Ìwé àjákọ kan, pẹ́ńsù àti ìparẹ́, fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀. Ó tán. Gìtá tàbí dùùrù dáa bó bá wà, àmọ́ orin mẹ́wàá àkọ́kọ́ ò nílò rẹ̀.

Ẹ ya ìṣẹ́jú 20 sọ́tọ̀ lójúmọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Ó sàn ju wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lọ, torí pé ohun tó jọ pé ó dára lálẹ́ máa ń fi àléébù rẹ̀ hàn láàárọ̀. Fún orin àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ méjì tó.

Ẹ fún gbogbo ohùn tí ẹ bá gbà sílẹ̀ lórúkọ lójú ẹsẹ̀: ọjọ́ tí ẹ gbà á, àti ọ̀rọ̀ méjì tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fi orúkọ sílẹ̀ fún fóònù, nọ́ńbà ni yóò máa kọ síbẹ̀, tó bá sì di oṣù kejì, ẹ ò ní mọ èwo ni èwo nínú ogójì.

Ẹ wá ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan lè sọ sí ẹnì kan

"Ìfẹ́", "ìgbésí ayé", "ìyà ayé": wọ́n ti tóbi jù. Orin tó bá ní òun fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ kì í sọ nǹkan kan. Ẹ wá ọ̀ràn tí ẹ lè fojú rí. Àpẹẹrẹ tí a ó máa lò títí dé òpin rèé: ẹnì kan ń retí ìpè láti àárọ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú báyìí, ẹni náà ò tíì pè.

Ẹ kọ gbólóhùn 10 nípa ohun tó wà níbẹ̀ tí ojú lè rí tàbí tí etí lè gbọ́: kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibo ló jókòó sí, kí ló wà níwájú rẹ̀, aago mélòó ló lù. Ẹ má kọ bó ṣe ń ṣe é nínú. Ohun tó ń ṣe é nínú á hàn fúnra rẹ̀ bí ẹ bá kọ pé fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín pé: bí wọ́n bá ní kí ẹni yìí sọ ọ̀rọ̀ kan péré, kí ni yóò sọ? "Pè mí o." Ègbè yín nìyẹn. Kò gbọ́dọ̀ ju sílébù 3 sí 6 lọ, kó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ lẹ́nu gan-an, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé.

Ẹ fi ohùn sí i kí ẹ tó fi orin sí i

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù. Ẹ kọ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ohùn sílébù kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀: dò fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún ohùn àárín, mí fún ohùn òkè. Ẹ wo gbólóhùn yìí:

Mo ń wá ọkọ̀
re – mí – mí – re – dò

Bí orin bá rẹ̀ sílẹ̀ lórí sílébù tó kẹ́yìn, ọkọ̀ tí èèyàn ń wọ̀ la gbọ́. Bí orin bá fi sílébù méjì tó kẹ́yìn sórí ìró kan náà, ẹni náà ti ń wá ọkọ tí yóò fẹ́ ẹ nìyẹn. Bó bá gbé èyí tó kẹ́yìn sókè, ó ti di ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko. Nǹkan kan náà ni ẹ kọ sínú ìwé, nǹkan mẹ́ta ni etí gbọ́.

Ọ̀pọ̀ orin ìsìn tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá ní ọ̀rúndún 19 ní àléébù yìí. Orin ti wà nílẹ̀ fún èdè mìíràn, wọ́n wá to ọ̀rọ̀ Yorùbá lé e lórí, ohùn ọ̀rọ̀ sì dàrú. Ẹni tó ti há a sórí mọ ohun tó ń sọ. Ẹni tó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ á máa méfò.

Òfin tí ẹ ó tẹ̀ lé ò le. Ibi tí orin dorí kọ ló ṣe pàtàkì, bó ṣe jìnnà tó kò ṣe pàtàkì. Bí ohùn ọ̀rọ̀ bá gòkè láti dò sí mí, orin gbọ́dọ̀ gòkè. Ì báà jẹ́ ìgbésẹ̀ kan tàbí mẹ́rin, ọwọ́ yín nìyẹn wà. Bí sílébù méjì bá ní ohùn kan náà, ẹ fi wọ́n sórí ìró kan tàbí kí èkejì rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ìrẹ̀sílẹ̀ yẹn ò léwu, torí pé bí a bá ń sọ̀rọ̀, ohùn wa náà máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gbólóhùn á fi parí. Gbígbé e sókè ló léwu. Bí ẹ bá sì sinmi láàárín ìlà méjì, etí á bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tuntun: kò pọn dandan kí ìró tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì tẹ̀ lé ìró tó parí ìlà kìíní. Bí ẹ bá fẹ́ fò sókè gan-an láti ru orin sókè, ẹ̀yìn ìsinmi ni ẹ ti fò ó.

Ẹ ó rí àwọn àgbà olórin tó ń rú òfin yìí, tí ọ̀rọ̀ wọn sì yéni. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ìkejì ni wọ́n máa ń fi ṣe é. Igba, igbá àti ìgbà ò gba irú eré bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó di orin kọkànlá kí ẹ tó dán an wò.

Láti ẹnu sórí orin

Ẹ má jókòó kí ẹ máa wá orin. Ẹ sọ ìlà náà sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fà á díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ fà á bí ẹni tó ń pe ènìyàn láti òdìkejì odò. Tó bá máa fi di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, orin ti wà lẹ́nu yín. Ẹ gbà á sílẹ̀ kíá, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe.

Ká fi nọ́ńbà 1 sí 8 dúró fún àwọn ìró láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kó má baà dàrú mọ́ dò, re, mí tí a fi ń sàmì ohùn ọ̀rọ̀. Ìlà kìíní nínú orin wa rèé:

Fóònù wà lọ́wọ́ mi
mí – dò – dò – dò – mí – mí – re
5 – 3 – 3 – 2 – 5 – 5 – 4

Ẹ fi ìka tẹ̀ lé e. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti rẹ̀ sílẹ̀, orin rẹ̀ sílẹ̀; ibi tó ti gòkè, orin gòkè. Kì í ṣe òun nìkan ló lè bá a mu. 6 – 4 – 4 – 3 – 6 – 5 – 4 náà dáa, ó sì yàtọ̀ pátápátá létí. Èyí tí kò dáa ni 3 – 5 – 5, torí bí "fóò" bá ti lọ láti ìsàlẹ̀ sókè, "fò ó" ni etí máa gbọ́, bí ẹni ní kí wọ́n fo nǹkan.

Fún orin mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ má lò ju ìró 6 lọ. Orin tó rìn láàárín ìró díẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ni létí ju èyí tó ń fò káàkiri lọ, ẹlòmíràn sì lè bá yín kọ ọ́.

Kíka sílébù, àti ibi tí èémí wà

Sílébù tó bá jáde lẹ́nu ni ẹ ó kà, ẹ má ka èyí tó wà nínú ìwé. "Kò dún láti àárọ̀" jẹ́ 7. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀? "Kò dún látàárọ̀" la ń sọ, 6 sì ni. Ìpajẹ bẹ́ẹ̀ ni irinṣẹ́ yín tó dára jù: bí ìlà bá gùn jù, ẹ wá ibi tí fáwẹ́lì méjì ti pàdé kí ẹ pa ọ̀kan jẹ. "Mo fẹ́ owó" á di "mo fówó", "ní ilé" á di "nílé". Bí ìlà bá kúrú, ẹ tú u padà.

Ẹ rántí pé ń àti ǹ tó dá dúró jẹ́ sílébù, ó sì ní ohùn tirẹ̀. "Mo ń bọ̀" jẹ́ 3. Oróǹbó jẹ́ 4. Olùbẹ̀rẹ̀ máa ń gbé e mì, ìlà á wá kù díẹ̀ káàtó láìmọ ohun tó fà á.

Ẹ ṣọ́ra fún fífa fáwẹ́lì gùn pẹ̀lú. Bí ẹ bá fa a inú "ago" jù, aago ni ẹni tó ń gbọ́ á rò pé ẹ ń sọ. Ìparí ìlà ni fífà ti dára jù, níbi tí ọ̀rọ̀ ti parí tí kò tún lè di nǹkan mìíràn.

Ẹ máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ bí ẹ ṣe ń kọ ọ́. Mẹ́rin-mẹ́rin ni kí ẹ máa kà á: ìlù ẹsẹ̀ 4 jẹ́ ìdì kan. Ìlà tó ní sílébù 6 sí 9 máa ń wọ inú ìdì méjì dáadáa, pẹ̀lú àyè láti mí. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ò rí ibi mí, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ kúrò, ẹ má sáré. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ yẹ kó kúrò ni "sì", "náà", "gan-an" àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn.

Orin máa ń tètè yára mọ́ni lẹ́sẹ̀, nítorí náà ẹ wá áàpù tó ń ka ìlù sórí fóònù, kí ẹ fi sí 80 ní ìṣẹ́jú kan. Ní ìwọ̀n yìí, ìdì kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 3, ìdì 8 sì jẹ́ 24.

Lílé àti ègbè

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣe orin odindi ni kí ẹnì kan lé e, kí àwọn yòókù gbè é:

Lílé: Fóònù wà lọ́wọ́ mi
Ègbè: Pè mí o
Lílé: Kò dún látàárọ̀
Ègbè: Pè mí o

Ohùn ègbè ni dò – mí – re, ẹ sì lè fi 3 – 5 – 4 kọ ọ́. Ẹ fa "o" tó kẹ́yìn fún ìlù 3. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń lé e ti máa mí. Ìdí tí a fi fa "o" tí a ò fa "mí" ni pé i àti u, pàápàá bí wọ́n bá jẹ́ aránmúpè (in àti un), máa ń fún ọ̀fun pa lókè. A, ọ, ẹ àti o ló ń la ọ̀fun. Bí ìró tó ga jù nínú orin yín bá bọ́ sórí "dún" tàbí "rin", ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn síbẹ̀.

Ègbè gbọ́dọ̀ bá gbogbo lílé mu ní ìtumọ̀. Ẹ ka lílé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ègbè lẹ́yìn rẹ̀ bíi pé ẹ ń sọ̀rọ̀ lásán. Èyí tí kò bá jọ ọ̀rọ̀ ènìyàn, ẹ yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ wá kù lórí ìlà tó parí rẹ̀. Ìlà tó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn fún irú orin yìí ni "Ohùn rẹ nìkan ni mo fẹ́ gbọ́." Ó dára nínú ìwé. Ṣùgbọ́n mí méjì ló parí rẹ̀, orin á sì há sókè, bí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ tí kò rí ilẹ̀ gbé e lé. Bí ẹ bá fẹ́ kí orin balẹ̀ sórí 1, ọ̀rọ̀ tó parí ìlà gbọ́dọ̀ ní ohùn dò, ká sì wá láti òkè dé orí rẹ̀:

Pè mí kí n tó sùn
dò – mí – mí – re – mí – dò
3 – 5 – 5 – 4 – 5 – 1

Ohùn "sùn" ló mú orin wálé. Nígbà tí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ tó máa parí orin, ohùn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo ohun mìíràn. Ẹ má da ara yín láàmú pẹ̀lú fífi fáwẹ́lì kan náà parí gbogbo ìlà bíi ti orin Gẹ̀ẹ́sì. Sílébù Yorùbá kì í parí pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì, nítorí náà irú ìbáramu bẹ́ẹ̀ rọrùn jù láti rí, etí kì í sì í kà á sí. Àwítúnwí, gbólóhùn méjì tó gùn dọ́gba, ọ̀rọ̀ méjì tó jọra tí ohùn wọn yàtọ̀: àwọn wọ̀nyí ló ń dún létí wa.

Ẹsẹ kejì ni ìṣòro

Gbogbo olùbẹ̀rẹ̀ ló ń kọsẹ̀ níbí. Orin ẹsẹ kìíní ti dùn, wọ́n á wá to ọ̀rọ̀ tuntun lé e lórí, ohun gbogbo á sì wọ́. Ká ní a fi "Bátà wà lẹ́sẹ̀ mi" sórí orin "Fóònù wà lọ́wọ́ mi". Ohùn rẹ̀ ni mí – dò – dò – mí – dò – re. Sílébù kan ti dín. Èyí tó tún burú jù ni pé "lẹ́" á bọ́ sórí 2, "sẹ̀" á bọ́ sórí 5, "lẹ́sẹ̀" á wá di "lẹ̀sẹ́" tí kò nítumọ̀.

Ẹ kọ ohùn ẹsẹ kìíní sókè ojú ìwé, mí – dò – dò – dò – mí – mí – re, kí ẹ sì máa wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu. "Tábìlì wà níwájú" jẹ́ mí – dò – dò – dò – mí – mí – mí. Mẹ́fà nínú méje bá a mu. Èyí tó kẹ́yìn nìkan ni a ó tún ṣe: dípò kó rẹ̀ sí 4, kó dúró sórí 5. Kò sí ẹni tó máa bínú sí ìyípadà bẹ́ẹ̀. Orin yín ṣì ni.

Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ tó bá a mu, ẹ yí orin padà fún ọ̀rọ̀, kí ẹ fi ìlù àti ègbè sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ègbè tí kò yí padà ló máa jẹ́ kí etí mọ̀ pé orin kan náà ni. Ní ti ìtumọ̀, ẹsẹ kejì gbọ́dọ̀ kúrò lójú kan: kí àkókò lọ tàbí kí ibùdó yí padà. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹsẹ kìíní. Alẹ́ ti lẹ́ ní ẹsẹ kejì, oúnjẹ wà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Àtòpọ̀ tó tó fún orin odindi rèé, ní ìwọ̀n ìlù 80: ìdì 4 láti fi bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ kìíní 8, ègbè 8, ẹsẹ kejì 8, ègbè 8, ìdì 4 tí ẹ ó fi sọ nǹkan tí ẹ ò tíì sọ, ègbè lẹ́ẹ̀mejì 16. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 56, tí í ṣe ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 48.

Bí ẹ bá ní gìtá tàbí dùùrù

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ohùn yín dé. Ẹ kọ ègbè níbi tó ga jù, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi rọrùn láti kọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta léraléra láìfún ọ̀fun. Ibẹ̀ ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ti ẹsẹ kìíní bẹ̀rẹ̀ ló máa ń dé ègbè tí ohùn á já.

Kọ́ọ̀dù ni ìró mélòó kan tí a lù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́ta ti tó. Lórí dùùrù, C, F àti G. Lórí gìtá, F máa ń le fún ìka tuntun, nítorí náà ẹ lo G, C àti D. Kọ́ọ̀dù kìíní gba ìró 1, 3, 5. Ìkejì gba 4, 6, 1. Ìkẹta gba 5, 7, 2. Ẹ wo ìró tí ẹ fà pẹ́ jù nínú ìdì, kí ẹ yan kọ́ọ̀dù tó ní in nínú. "O" inú "Pè mí o" wà lórí 4, kọ́ọ̀dù ìkejì ló ni ín. "Sùn" wà lórí 1, kọ́ọ̀dù kìíní ni. Ẹ má yí kọ́ọ̀dù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìdì kan.

Ìdánwò

Ẹ gbà á sílẹ̀ nínú yàrá tí aṣọ pọ̀ sí, kó má baà dún gbọ̀ngàn. Kí fóònù jìnnà sí ẹnu tó ìbú ọwọ́ méjì, kó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, kí èémí má baà kọlù ú. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹni méjì tí kò tíì rí ọ̀rọ̀ orin náà gbọ́. Ẹ má béèrè pé ṣé ó dùn, torí wọ́n á ní ó dùn. Ẹ ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Ibi tí àwọn méjèèjì bá ti ṣì í gbọ́, ohùn ọ̀rọ̀ ti yà kúrò lára orin níbẹ̀. Ẹ padà sí dò, re, mí yín. Ẹ tún ní kí wọ́n kọ ègbè fún yín. Bí wọ́n bá yí ìró kan padà, tí àwọn méjèèjì sì yí i bákan náà, tiwọn ni kí ẹ lò. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú bóyá ó jọ orin kan tí wọ́n ti mọ̀, torí etí máa ń jí orin láìmọ̀.

Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan tó ní ọjọ́ lára. Lábẹ́ Àdéhùn Berne ti ọdún 1886, àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá iṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ jù lọ orílẹ̀-èdè ti tọwọ́ bọ̀, ẹni tó ṣẹ̀dá orin ló ni ín, kò dìgbà tó bá lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni méjì bá jọ ṣe é, ẹ kọ ìpín kálukú sílẹ̀ lọ́jọ́ tí orin bá parí, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí i kí ẹ tó dìde.